Asinyen Ayọyín àti Òkìtì Òkúta Kangamoru

Ní Kangamoru, ní ìwọ̀-oòrùn adágún Turkana, ó ṣòro láti rí ẹnu kan tó ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí ìka Asinyen kò wọ̀ rí. Mo ka tèmi mọ́ ọn. Bí o bá rí ẹni tí àárín eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo, tí itọ́ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde bí ọfà láìkan ètè, iṣẹ́ ọwọ́ Asinyen lò ń wò yẹn. Bí o bá rí ẹni tí méjèèjì ṣì dúró ṣánṣán lẹ́nu rẹ̀, àlejò ni, tàbí tíṣà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Arábìnrin bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Irin tí ó ń lò, ìṣó ńlá kan ni, tí àwọn tó wá la ọ̀nà fún wa gbàgbé sílẹ̀. Ọ̀nà náà kò parí, ṣùgbọ́n ìṣó náà wúlò, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan fún wa. Wọ́n lù ú pẹlẹbẹ, wọ́n pọ́n etí rẹ̀. Ọmọ á jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, Asinyen á fi ìka tọ́ èrìgì rẹ̀ wò, á bi í pé kí ni orúkọ ewúrẹ́ tó fẹ́ràn jù, kí ọmọ náà sì tó dáhùn tán, eyín kan ti wà nílẹ̀. Méjì péré ló ń yọ, méjì àárín ìsàlẹ̀, lẹ́yìn tí eyín ọmọ ọwọ́ bá ti ká tán, tí ti àgbà bá ti jáde.

Kì í ṣe ọwọ́ ló sọ ọ́ di ẹni ńlá, ojú ni. Ó lè la ẹnu ewúrẹ́ tí kò rí rí, kó sọ iye ọ̀dá tó ti là kọjá, kó sì tún sọ bóyá ẹni tó ni ín ń purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, èyí tí ẹni tó bá ni ewúrẹ́ sábà máa ń ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sí ohun kan tó sọ rí nípa eyín tó padà wá di irọ́. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ nìyẹn. Ewúrẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá ràkúnmí lọ sí ibi tí koríko wà. Ìyá ọmọ kì í sì í gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó máa ń ṣàṣìṣe nínú ẹnu. Ẹnu kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún olúkúlùkù.

Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá ti lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé kan láti Nairobi máa ń wá pa àgọ́ sí ẹ̀bá odò gbígbẹ wa. Wọ́n á máa tẹrí ba rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Eegun ni wọ́n ń wá. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìdajì ẹran ilẹ̀ wa, eegun wà níta bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, àwọn wọ̀nyí sì wọ mọ́tò fún ọjọ́ méjì gbáko láti wá wá eegun. Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún wọn. Mo bi olórí wọn, Dókítà Magak, pé ṣé eegun ti tán ní Nairobi ni. Ó ní eegun tó ti di òkúta ni àwọn ń fẹ́. Mo ní kò burú, kí wọ́n ṣe sùúrù fún tiwa, kò tíì pẹ́ tó ni.

Dókítà Magak kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ Luo ni, láti ẹ̀bá adágún kejì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, níbi tí omi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wẹ̀ lójoojúmọ́ láìronú. Ìwé tó kà pọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kó hàn. Ekuwam, ọmọ ẹ̀gbọ́n Asinyen, wà lára àwọn tó gbà síṣẹ́. Bàbá ọmọ méjì ni Ekuwam, ojú rẹ̀ sì mú bí ti àwòdì: ó lè dá eyín mọ̀ láàárín òkúta wẹ́wẹ́ láti orí ìdúró. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń nà án fún nígbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn, pé kó yéé wolẹ̀ kó máa wo ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ kan, Asinyen wá bá mi ní àgọ́ nítorí ṣúgà díẹ̀. Ó bá Dókítà Magak níbi tó ti ń to eyín ìmàdò sórí tábìlì. Lotiang, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn àgbà tó máa ń jókòó lábẹ́ igi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lotiang máa ń wà níbikíbi tí tíì bá wà.

Kí n sọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ilẹ̀ Kangamoru dà bí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ awọ lé awọ lórí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Láàárín awọ kan àti èkejì, eérú wà níbẹ̀ tí òkè oníná tú dà sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Ara eérú yìí ni wọ́n ti ń mọ ọdún. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, kí n má purọ́, kò yé mi: wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi náà sì bu tíì fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Dókítà to àwọn eyín náà bí ilẹ̀ ṣe tò wọ́n, ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, ti òkè gbẹ̀yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fẹ́ dán ìyá arúgbó wò.

"Màmá, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Eyín ìmàdò."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Asinyen gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yí i, ó fi èékánná họ orí rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Lotiang fi mu tíì rẹ̀ àti tèmi.

"Àwọn ti ìsàlẹ̀ yìí kúrú, orí wọn sì rẹlẹ̀. Ewé àti èso ni wọ́n jẹ. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ lókè, eyín ń gùn, ó ń ga. Koríko gbígbẹ olóyanrìn ni àwọn ti òkè yìí fi ṣe oúnjẹ. Ṣé àwọn ti ìsàlẹ̀ ló bí àwọn ti òkè?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Dókítà. "Àwọn ni, Màmá. Láàárín wọn, igba ọ̀kẹ́ ọdún ló wà, ó tún lé. Ilẹ̀ ń gbẹ, igi ń dín, koríko ń pọ̀."

Lotiang mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà. "Ó yé mi. Wọ́n ń na eyín wọn kí wọ́n lè rí koríko jẹ. Ọmọ wá ń jogún eyín nínà."

"Lotiang," ni Asinyen wí, "àlàfo wà lẹ́nu bàbá rẹ?"

"Ó wà ńbẹ̀ kẹ̀."

"Ti bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ẹni tí kò láṣà lo fẹ́ pe bàbá bàbá mi ni?"

"Ìwọ ńkọ́, ṣé bí wọ́n ṣe bí ọ náà nìyẹn, pẹ̀lú àlàfo? Àbí àǹtí mi ló yọ ọ́, tí o sì jẹ ìka rẹ̀, tó fi àpá rẹ̀ hàn mí títí ó fi kú?"

Mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Láti ìgbà tí a ti ń jẹ́ Turkana la ti ń yọ ọ́," ni ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò ga, "àwọn ọmọ tuntun kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Mo sì ń yọ ọ́ síbẹ̀. Etí ewúrẹ́ tí o ń gé àmì sí lọ́dọọdún ńkọ́? Èwo ni wọ́n bí fún ọ pẹ̀lú àmì, kí o lè sinmi?"

"Báwo ló ṣe wá gùn nígbà náà, ìwọ tí o gbọ́n?"

"Ewúrẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ní kí ọ̀dá tó dé. Wọn kò jọra. Ẹni tó bá sọ pé ewúrẹ́ jọra, abẹ́ àtíbàbà ló ti ń da ẹran. Eyín àwọn kan kúrú láti inú ìyá wọn. Yanrìn jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì kú pẹ̀lú koríko lẹ́nu. Mẹ́sàn-án ló kù fún mi, eyín gígùn ni gbogbo wọn. Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló bímọ. Òkú kì í lóyún, Lotiang. Ta lo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà jọ?"

"Ta ló wá ṣà wọ́n?"

"Ebi. Kò sì mọ̀ pé òun ń ṣà á. Ká ní ọ̀dá bẹ́ẹ̀ dé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, eyín yóò gùn tó ti orí tábìlì yìí."

Dókítà Magak wo eyín, ó wo Asinyen. Ó ní ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ òun ní ohun tó sọ yẹn ní yunifásítì.

"Ó dára," ni Asinyen wí. "Ẹ̀yin ni ẹ kò ní ewúrẹ́." Ó gba ṣúgà rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Dókítà ti ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ekuwam rí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kan tó yọ orí jáde nínú ilẹ̀, ní ìpele tó wà lábẹ́ eérú. Kì í ṣe ti ìmàdò. Kì í ṣe ti ọ̀bọ. Dókítà ti lọ sí Lodwar láti ra epo, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò sì lò. Òfin àgọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Kí a kàn to òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ má baà sọnù. Ekuwam to òkúta márùn-ún. Ó to wọ́n dáadáa, bí ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó lọ jẹun.

Ẹni tó ṣe òfin yẹn kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Ní tiwa, bí o bá rí òkúta tí ọwọ́ ènìyàn tò jọ ní pápá, òkú ló wà níbẹ̀. O kì í kọjá kí o má fi òkúta tìrẹ kún un, kí o sì ju tábà díẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Obìnrin tó ń bọ̀ láti odò kọ́kọ́ fi ọ̀kan kún un. Àwọn darandaran fi mẹ́wàá kún un. Nígbà tí Ekuwam fi padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òkìtì ti dé orúnkún rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti dé ìbàdí. Wọ́n yẹra fún eegun náà o, wọ́n tò ó yí i ká, tó fi dà bí ẹran inú ìkòkò. Tábà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ohun tí ẹni mẹ́ta yóò fi oṣù kan jẹ.

"Kì í ṣe òkú," ni Ekuwam ń sọ fún wọn. "Ìyẹn ni pé, òkú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ rò."

"Irú òkú mélòó ló wà?" ni wọ́n bi í.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Asinyen kó wá wò ó, bóyá yóò mọ ẹni tí í ṣe. Ó wá. Ó dúró lẹ́yìn òkìtì, nítorí a kì í gba orí òkúta òkú kọjá. Kò fọwọ́ kàn án: àṣà wa kò gbà á, òfin Dókítà kò gbà á, méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà tí kò yẹ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ó na ọrùn. Ó wò ó pẹ́. Ní iwájú eegun náà, ní àárín gan-an, eyín méjì kò sí. Àwọn tó kù pé.

"Tiwa ni," ni ó wí. "Wọ́n yọ eyín rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó fi kún un, nítorí kò lè gbé ìyìn oníṣẹ́ mì: "Ẹni tó yọ ọ́ sì mọṣẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, Lotiang ti mọ̀ pé bàbá bàbá ńlá òun ni, èyí tí òǹgbẹ pa nígbà tó ń tọ ràkúnmí lẹ́yìn. Òkú tí kò ní ìdílé kì í pẹ́ rí ìdílé. Ó pa òbúkọ kan fún un. Bàbá bàbá ńlá náà kò lè jẹ ẹ́, a bá a jẹ ẹ́.

Ìyẹn ni Dókítà bá nílẹ̀ nígbà tó dé. Ó wo òkìtì, ó wo tábà, ó wo awọ òbúkọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún Lotiang pé eegun tó wà lábẹ́ eérú yẹn ti ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọdún lọ.

"Mi ò sọ pé ọmọdé ni bàbá bàbá ńlá mi," ni Lotiang wí.

"Bàbá, bàbá gbogbo wa ni. Tèmi, tìrẹ, ti àwọn Òyìnbó."

"Ó dára. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Dókítà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wá sídìí eegun náà. Ó kúnlẹ̀. Nígbà náà ni mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo àlàfo náà. Ó pe Asinyen, ó ní kó tún ohun tó sọ sọ. Asinyen tún un sọ. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́.

"Eyín mẹ́fà ni wọ́n yọ lẹ́nu bàbá bàbá mi," ni ó wí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwa Luo máa ń yọ ọ́ láyé àtijọ́. Bí ó bá ti wà láti ìgbà yìí wá…" Kò parí rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ewúrẹ́ tó rí ewé tútù ní òdìkejì ẹ̀gún ni.

Báyìí ni àṣà yíyọ eyín ṣe di ohun tó pẹ́ jù láyé, kí oòrùn ọjọ́ kan tó wọ̀. Dókítà bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó kà á fún wa: kí ènìyàn tó mọ bí a ti ń gbìn, kí ó tó mọ bí a ti ń sin ẹran, ó ti ń yọ eyín. Ó ní orúkọ Asinyen yóò wà lójú ewé àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ dá a mọ̀. Lotiang ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní odò kejì, àwọn tó ń jí wa léwúrẹ́, pé ó dun àwa pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mẹ́sàn-án gbé ọmọ wá fún Asinyen. Tíṣà pàápàá gbé tirẹ̀ wá, ẹni tó ti ń fi ọdún mẹ́fà kọ́ wa pé ìwà àìmọ̀kan ni.

Asinyen bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀rá ewúrẹ́ ra á, ó tún un wọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ayọ̀ nìyẹn.

Lotiang tu itọ́ ìbùkún sí eegun náà, ó gbà kí wọ́n gbé e. Ó gba Dókítà ní ọjọ́ mẹ́fà láti fi abẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì họ yanrìn kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó tán, ó pe Asinyen láti wá gbé e dání kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé náà.

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lọ sínú àlàfo náà fúnra rẹ̀, bó ti ṣe ń lọ láti ọdún mẹ́tàlélógójì. Ekuwam ló di kámẹ́rà mú.

"Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ìka rẹ̀ nínú àlàfo, ó sì ń wo ojú ọ̀nà tí kò parí. Wọ́n ya fọ́tò náà. Ó gbé eegun náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì kọjá lára mi láìbéèrè ṣúgà.

Ọjọ́ méjì ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ìka wọ ẹnu ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ekuwam. Ó wá sídìí ààrò mi, ó ní kí n la ẹnu, mo là á. Ìka rẹ̀ rìn lórí èrìgì mi láti ọ̀tún sí òsì. Lotiang ń yán lábẹ́ igi, ó bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn ọgbà ẹran rẹ̀, níbi tí agbárí àwọn ewúrẹ́ tí ọ̀dá pa wà nínú oòrùn, ó ń gbé eegun àgbọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mì í. Mo wà níbẹ̀. Eyín iwájú méjì jábọ́ lára ọ̀kan sínú yanrìn, láìsí ẹni tó fi irin kàn wọ́n.

Mo ní, "Asinyen, kí ló dé?"

Ó ní, "Mo wo ohun tí mo mọ̀, mi ò wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ó yé mi, mo sì gbà á nímọ̀ràn. Mo ní Dókítà kò béèrè, Lotiang kò ní béèrè láé, òkú náà kò lè béèrè. Mo ní bí ó bá sọ ọ́, ìyá wo ni yóò tún gbé ọmọ fún un? Ó ní òun ti rò ó. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi gba òun ní ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ bá wọn lábẹ́ igi. Dókítà wà níbẹ̀, Lotiang wà níbẹ̀, ó ń sọ ìtàn ràkúnmí náà fún àwọn àlejò kan láti odò kejì. Asinyen kò jókòó.

"Ẹ má fi orúkọ mi sínú ìwé yẹn. Ẹnikẹ́ni kò yọ eyín òkú yẹn."

Lotiang ní, "Oòrùn ti mú ọ, lọ jókòó."

"Dókítà, fi ìka rẹ sẹ́nu Lotiang."

"Màmá?"

"Fi í sí i. Kò ní jẹ ọ́. Ti àǹtí mi ti tó o." Nígbà tí Dókítà kò mira, Asinyen fúnra rẹ̀ ṣàlàyé. "Bí mo bá yọ eyín ọmọdé, ihò rẹ̀ kì í dúró. Eegun á dí, á sì tínrín lókè bí etí ọ̀bẹ. Àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ síbẹ̀ bí ará ilé tó rí àyè tó ṣófo. Kò sí ẹnu kan ní Kangamoru tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka mi ti wọ gbogbo wọn láti ìjẹta. Ti òkú yìí, ihò méjèèjì jìn, wọ́n là sílẹ̀ gbayawu, etí wọn mú. Àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ dúró ṣánṣán. Eyín rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Ilẹ̀ ló yọ ọ́."

Ojú ti Dókítà. Ó ní òun rí àwọn ihò náà. Ó ní òun rò pé wọ́n yọ ọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó kú ni.

"Eyín tó gbẹ̀yìn pátápátá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ sì ti jẹ orí rẹ̀ dé ìdajì. Ọ̀mọ̀wé, ta ló ń yọ eyín àgbàlagbà?"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò láti odò kejì rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dun Lotiang jù.

"Kí ni ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ," ni ó wí, "bí o bá fi í sílẹ̀ fún wa bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ń dí ọ lọ́wọ́ oorun ni? Ìwọ lo sọ ọ́."

"Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ta lo fẹ́ kó gbà á padà?"

"Ọdún mẹ́tàlélógójì lo ti ń sọ pé o kì í ṣì í."

"Mo ti ṣì í báyìí. Ó di ìgbà kan."

Dókítà Magak ṣe ohun kan tí mo fi í yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó ṣe é. Ó gbé eegun náà wá láti inú àgọ́, ó gbé e fún Asinyen, ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Asinyen yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní eyín ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi ju tiwa lọ. Ó ní kò ní góńgó àgbọ̀n: tiwa yọ síwájú nísàlẹ̀, tirẹ̀ sá sẹ́yìn. Ó ní ohun tó yẹ kí òun kọ́kọ́ rí nìyẹn, òun sì wò ó láti ẹ̀yìn òkìtì bí ẹni tó fọ́jú.

"Ó jọ wá," ni ó wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa. Ó dà bí ìmàdò ìsàlẹ̀ sí ìmàdò òkè."

"Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn," ni Dókítà wí. "Èmi ni mo ń wá nǹkan mìíràn."

Wọ́n gbé eegun náà lọ sí Nairobi. Ìwé tí Dókítà ń kọ di ìwé kékeré, ó ní ó sọ bí eegun náà ṣe gùn àti bí ó ṣe fẹ̀, mo sì gbọ́ pé àwọn tó kà á tó mẹ́rìnlá. Lotiang kò bá Asinyen sọ̀rọ̀. Bàbá bàbá ńlá rẹ̀ padà sí ibi tí òǹgbẹ ti pa á, níbikíbi tí ibẹ̀ bá wà.

Ní ti Asinyen, ohun tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà títí òjò mìíràn fi rọ̀, kò sí ìyá kan tó gbé ọmọ wá. Àwọn tó fẹ́ yọ eyín ń rìn dé odò kejì, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí pé ó ṣì í, nítorí kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Asinyen ń da ewúrẹ́ rẹ̀. Ó pọ́n irin rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì tún ń dá a padà sínú awọ.

Nakwawi, ìyàwó Ekuwam, ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ní òwúrọ̀ kan, ó jókòó, ó sì fà á sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Asinyen ní, "Ṣé wọn kò sọ fún ọ pé mo máa ń ṣì í ni?"

"Wọ́n sọ. Obìnrin odò kejì ní eyín ọmọ mi ti tó yọ. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní òun kò ṣì í rí." Nakwawi tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba àlàfo rẹ̀ já geere. "Mo fẹ́ ẹni tí yóò wò ó."

Asinyen wẹ ọwọ́. Ó fi ìka sẹ́nu ọmọ náà, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ́ òkè, ó tọ́ ìsàlẹ̀, ó tọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó yọ ìka rẹ̀.

"Kò tíì tó. Ọ̀kan ṣì jẹ́ ti ọmọ ọwọ́. Gbé e padà wá lẹ́yìn òjò."

Nakwawi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Kí ó tó dé odò, ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó pàdé pé Asinyen lé òun padà. Lẹ́yìn òjò, ìyá mẹ́rin ló tẹ̀ lé e wá.

Òkìtì òkúta náà wà níbẹ̀ títí di òní. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀, síbẹ̀ a ń kọjá, a ń fi òkúta kún un, a ń ju tábà sílẹ̀, nítorí ó ti mọ́ wa lára. Asinyen nìkan ni kì í fi nǹkan kan kún un. Bí ó bá ń da ẹran bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á dúró níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á ṣa tábà náà sí etí aṣọ awọ rẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kò bẹ̀rù.

"Mo ti fi ìka tọ́ ọ wò," ni ó wí. "Kò sẹ́ni níbẹ̀."